Ẹ̀rọ Ara Fẹ́ǹsì Màmá

Nígbà tí wọ́n ń fẹ títì márosẹ̀ tó lọ sí Ẹ̀pẹ́, àgbàrá òjò ò mọ ibi tó yẹ kó gbà mọ́. Àdúgbò wa ní Ajah ló wá ń yà sí. Mo wà ní ọdún tó kẹ́yìn ní yunifásítì nígbà náà, mo bá sọ fún olùkọ́ mi pé màá ṣe ohun tí yóò máa kìlọ̀ fún wa bí gọ́tà bá ti fẹ́ kún.

Ẹ̀rọ kéékèèké mẹ́jọ ni mo ṣe, tí kálukú wọn ní bátìrì tirẹ̀, mo sì so wọ́n mọ́ etí gọ́tà. Wọn ò ní wáyà. Èyí tó jìnnà á ránṣẹ́ sí èyí tó sún mọ́ ọn, títí iṣẹ́ náà á fi dé orí kọ̀ǹpútà mi ní kíṣìnì ìyá mi. Mẹ́ta wà nítòsí ilé wa, ṣùgbọ́n mo ti pàṣẹ pé ọ̀nà tó kúrú jù ni kí iṣẹ́ máa gbà, ìyẹn ẹ̀rọ ara fẹ́ǹsì aládùúgbò wa, màmá kan tó ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fẹ̀yìn tì.

Kì í pé ọ̀sẹ̀ kan tí bátìrì ẹ̀rọ yẹn fi ń kú. Bí Màmá bá ti rí i pé iná kékeré orí rẹ̀ ti kú, wọ́n á pè mí lórí fẹ́ǹsì: "Ọmọ sáyẹ́ǹsì, òkú rẹ tún ti sùn o!"

Nígbà kẹta, wọ́n bi mí pé, "Kí ló dé tó jẹ́ tèmi nìkan ló ń kú?"

"Ẹ má bínú mà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo àwọn yòókù ń gbà ránṣẹ́. Ibẹ̀ ló yá jù."

Màmá bọ́ awò ojú wọn. "Nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé, mi ò jẹ́ kí ọmọ kan ṣoṣo máa pọn omi lójoojúmọ́ torí pé ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá pọn lónìí á sinmi lọ́la. Ṣé wọn ò kọ́ yín ní yunifásítì ni?"

Wọ́n kúkú kọ́ wa. Mo ti kà á, mo tiẹ̀ ti fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Mi ò kàn ṣe é ni. Ojú tì mí.

Mo tún gbogbo rẹ̀ kọ: kí ẹ̀rọ tó ránṣẹ́, á kọ́kọ́ wo ẹni tí bátìrì rẹ̀ ṣì lágbára jù, òun ni yóò gbé e fún. Bí omi ò bá sì gbéra, kí kálukú dákẹ́. Oṣù méjì kọjá, ìkankan ò kú.

Láàárọ̀ Sátidé kan, kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Gọ́tà ń kún! Mo sáré jáde, mo pariwo. Àwọn èèyàn ká kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n gbé àpò ìrẹsì sórí tábìlì, ìyá mi sì ní kí n gbé tẹlifíṣàn gun orí kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó wo ojú ọ̀run. Oòrùn ń ràn yòò.

Mo tọ ipa omi náà lọ. Màmá ni mo bá níwájú táǹkì omi wọn, búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Wọ́n ń fọ̀ ọ́, wọ́n sì ti tú gbogbo omi inú rẹ̀ sí gọ́tà.

"Kí ló ń lé ọ?"

Mo ṣàlàyé. Màmá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sórí bókẹ́ẹ̀tì.

"Àwọn ọmọ yẹn ò sáà purọ́," ni wọ́n wí. "Omi ni wọ́n rí, omi ni wọ́n sọ."

Ìyá mi ò rẹ́rìn-ín ní tiwọn. Èmi nìkan ni wọ́n ní kí n dá tẹlifíṣàn sọ̀.