Ọ̀já Fún Ìyàwó Tí A Kò Tíì Mọ̀

Gbì. Pákó pẹlẹbẹ náà bọ́ sórí òwú, ó gbá a mọ́ra, òfì tó fẹ̀yìn ti ògiri sì mì díẹ̀. Ìyá àgbà tún ki ọwọ́ sáàárín òwú, wọ́n fa ọ̀kan kọjá láti ọ̀tún sí òsì, wọ́n tún gbá a. Gbì. Ẹ̀yìn ilé wọn ní Ìfọ́n ni. Oòrùn òwúrọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lórí páànù tó ti dípẹtà, òórùn aró láti inú ìkòkò tó wà lábẹ́ igi ìyeyè sì gba gbogbo àgbàlá. Mo jókòó sórí àpótí kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn, mò ń ran òwú. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi amọ̀ sí nídìí ni mò ń fi ìka yí, ó ń pòyì nínú awẹ́ igbá, òwú sì ń gùn bọ̀ lọ́wọ́ mi díẹ̀díẹ̀. Òwú tiwọn máa ń jọ̀lọ̀. Tèmi wú níbì kan, ó tín-ín-rín níbòmíràn, bí ejò tó gbé ọ̀pọ̀lọ́ mì.

"Ìyá àgbà, èyí ò dáa," ni mo wí.

Wọ́n gbà á, wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ̀ lé e láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì fà á wò.

"Ó máa gbé ọmọ dúró," ni wọ́n wí, wọ́n sì hun ún mọ́ tiwọn.

Bí wọ́n bá rí àṣìṣe nínú òwú tiwọn, wọ́n á tú u. Wọn kì í tú tèmi.

N kò tíì lè pé ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà náà. Bí iléèwé bá ti gba ìsinmi, bàbá mi á fi kẹ̀kẹ́ gbé mi láti Ìlobùú wá sí Ìfọ́n, sọ́dọ̀ ìyá tó bí ìyá mi. Ìlú méjèèjì kò jìnnà síra. Ẹni tó bá gbé ẹrù karí ní Ìlobùú kò ní í sọ̀ ọ́ kó tó dé Ìfọ́n. Láyé ìgbà yẹn, kí ìjà ilẹ̀ ìlú méjèèjì tó gbóná, ẹnikẹ́ni kì í ronú kó tó gba ọ̀nà náà.

Aṣọ híhun ni iṣẹ́ ìyá àgbà. Wọ́n ń hun kíjìpá tí àwọn àgbẹ̀ ń wọ̀ lọ sóko, wọ́n sì ń hun ọ̀já fún àwọn ìyá ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n gbogbo àwa ọmọ-ọmọ wọn ni wọ́n máa ń bá ṣe ohun kan tí yóò jẹ́ tiwa. Wọn kì í dá a ṣe fún ọmọ. Ọmọ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi tí wọ́n jẹ́ obìnrin fi ṣùkù àgbàdo ṣe ọmọlańgidi, wọ́n rán aṣọ fún un, wọ́n sì dirun fún un. Ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin hun àpò tó ń gbé kọ́ èjìká lọ síbi tí ó ti ń dẹ pàkúté. "Ohun tí o kò fọwọ́ kàn, wọ́n kàn yá ọ ni," ni ìyá àgbà máa ń wí.

Èmi nìkan ni wọ́n yan ọ̀já fún. Ọ̀já, fún ọmọkùnrin. Ẹ̀gbọ́n alápò yẹn kò jẹ́ kí n gbádùn. Bó bá ti rí mi nídìí òwú, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn mi, á di ọrùn mi mú.

"Ìyá ọlọ́mọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pọ̀n mí. Oorun ń kùn mí."

Lọ́jọ́ kan mo ju igi òwú náà sílẹ̀, mo fi omijé bẹ ìyá àgbà pé kí wọ́n dá a hun. Àwọn ló mọ̀ ọ́n hun, àwọn ló ni òfì. Wọ́n dáwọ́ dúró. Wọ́n wò mí títí, ojú wọn sì rí bí ojú ẹni tí nǹkan ń dùn tí kò fẹ́ kí wọ́n bi òun.

"Ọkọ mi, tèmi nìkan ò lè tó. Mo ti dá ṣe é rí."

N kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Mo kàn padà sídìí òwú nítorí bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá kan tó ń ta epo pupa ní ilé kejì yà wá. Àwọn méjèèjì máa ń bá ara wọn ṣeré gan-an.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá."

"Ọ̀ọ́ o. Epo ńkọ́?"

"Epo wà. Ọ̀já lẹ wá dáwọ́ lé yìí. Ta ló lóyún?"

"Kò sẹ́ni tó lóyún. Ìyàwó ọkọ mi yìí ni mò ń hun ún fún."

Ìyá elépo wò mí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. "Èyí tí ikun ń yọ nímú rẹ̀ yìí? Ìyàwó ọ̀hún dà? Àbí ó wà nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀?"

"Ó wà níbi tó wà. Bóyá wọn ò tíì bí i."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n bí i ná, kẹ́ ẹ tó di ọmọ sí i lẹ́yìn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lójijì ni ẹ̀rín ìyá elépo dúró sáàárín, bí ẹni tó fẹsẹ̀ kọ nínú eré. Ó tẹ orí wálẹ̀.

"Ìyá, ẹ ò tíì gbọ́kàn kúrò lórí ọ̀rọ̀ yẹn?"

"Ọmọdé wà níbí," ni ìyá àgbà wí. Gbì.

Ohun kan tún wà tí wọ́n máa ń ṣe tí àwọn èèyàn fi ń rẹ́rìn-ín. Bí obìnrin tó pọn ọmọ bá ti gba àgbàlá wa kọjá, ìyá àgbà á dìde nídìí òfì, wọ́n á tẹ̀ lé e, wọ́n á tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sábẹ́ ìdí ọmọ náà láìfi kàn án, títí obìnrin náà á fi la gọ́tà iwájú ilé kọjá. Kì í ṣe ẹbí wa nìkan. Àlejò pẹ̀lú. Àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin á máa ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ìyá, ọ̀já mi le o."

"Mo mọ̀ pé ó le. Máa lọ."

Mo rò pé bí àgbà ṣe ń ṣe nìyẹn.

Nígbà tí ọ̀já náà parí, wọ́n rì í sínú aró, wọ́n sá a títí ó fi dúdú bí ojú ọ̀run tí òjò ṣú sí. Mo rò pé èmi ni wọ́n máa gbé e fún. Wọ́n dì í sínú aṣọ funfun, wọ́n gbé e fún ìyá mi pé kó bá mi tọ́jú rẹ̀. Mo wà ní iléèwé àwọn olùkọ́ni nígbà tí ìyá àgbà kú. N kò béèrè lọ́wọ́ wọn rí ìdí tó fi jẹ́ ọ̀já.

Ìyá mi ló sọ fún mi, ní ọ̀sẹ̀ tí mo fẹ́ gbéyàwó. Wọ́n gbé ọ̀já náà jáde nínú àpótí, òórùn káńfọ̀ ń yọ lára rẹ̀, wọ́n sì tẹ́ ẹ sórí itan wọn. Wọ́n ní nígbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́, ìyá àgbà pọ̀n mí lọ sódò. Ọ̀já tí wọ́n lò ti gbó. Àwọn fúnra wọn ló hun ún, wọ́n sì ń sọ pé ó ṣì lè ṣe díẹ̀ sí i. Ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ pọnmi ni ọ̀já ti já, mo sì já bọ́ lẹ́yìn wọn sórí iyanrìn. N kò fara pa. N kò tilẹ̀ sunkún pẹ́.

Yorùbá kan kò nílò kí wọ́n ṣàlàyé ìyókù fún un. Wọ́n ní ọmọkùnrin tó bá já lẹ́yìn ẹni tó pọ̀n ọ́n, ìyàwó á máa kú mọ́ ọn lọ́wọ́, aya kì í bá a kalẹ́.

"Ìyá mi ò sùn dáadáa mọ́ láti ọjọ́ náà," ni ìyá mi wí. "Wọ́n ní ọwọ́ àwọn nìkan ló hun èyí tó já. Wọ́n ní kí ọwọ́ tìrẹ náà wà nínú èyí tí kò ní í já."

Mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi. Olùkọ́ bíi tèmi ni, kì í bẹ̀rù ohun tí kò rí. Ó na ọ̀já náà, ó ń fọwọ́ tọ ibi tí òwú mi wú sí.

"Èyí ni pé ẹni tó ti kú kí n tó mọ̀ yín ló ń bẹ̀ mí pé kí n má kú?" Ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Wọ́n ṣeun. Mo gbọ́ ẹ̀bẹ̀ wọn."

Ọ̀já yẹn ló fi pọn àwọn ọmọ wa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó sì fi tirẹ̀ kún un. Bí ọmọ kan bá ti dàgbà tó bí mo ṣe tó nígbà tí mo ran òwú rẹ̀, á mú un jókòó ní ìsinmi, á fún un ní abẹ́rẹ́ àti òwú aláwọ̀ kan, ọmọ náà á sì rán ìlà kan sí etí ọ̀já. Àkọ́bí wa rán pupa. Èkejì rán àwọ̀ ewé. Àbíkẹ́yìn, tó jẹ́ obìnrin, rán yẹ́lò dé ìdajì, abẹ́rẹ́ gún un, ó sì sá lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

"Ẹ fi sílẹ̀," ni ìyá rẹ̀ wí. "Á parí rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá nílò rẹ̀."

Àìsàn tó mú ìyàwó mi lọ kò fún wa láyè púpọ̀. N kò fẹ́ kọ nípa rẹ̀ jù báyìí lọ. Àwọn tó wá kí wa ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohùn obìnrin arúgbó kan nínú yàrá kejì, ó ń sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé, "Ṣé ẹ mọ̀ pé ó já lẹ́yìn ní kékeré?" Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìkà. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá.

Mo ti kọ́ ọmọ ẹlòmíràn fún ọ̀pọ̀ ọdún pé kí wọ́n máa béèrè ẹ̀rí. Síbẹ̀, nígbà tí ilé dá, mo mú ọ̀já náà jáde, mo gbé e lọ sídìí ibi tí a ti ń jó ewé lẹ́yìnkùlé. Iná wà níbẹ̀. Mo dúró pẹ́. Inú bí mi sí ìyá àgbà, n kò tíì bínú sí wọn rí láyé. Lẹ́yìn náà ni ìka mi kan ibi kan tó wú nínú òwú, mo sì gbé e padà sínú ilé.

Ní oṣù tó kọjá, àbíkẹ́yìn wa gbé ọmọ rẹ̀ àkọ́bí wá hàn mí. Ó ti béèrè ọ̀já náà lórí fóònù kó tó dé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń gbé tì mí láti ìgbà tí ìyàwó mi ti lọ, gbọ́ ọ.

"Àbúrò mi, ọ̀já tí wọ́n torí ikú hun, tí ikú ò sì gbọ́, òun lo fẹ́ gbé fún ọmọ tuntun?"

Mo kàn gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì, mo rò pé tí ọmọ mi bá ní òun kò fẹ́ mọ́, ọ̀rọ̀ náà á tán síbẹ̀.

Ọmọ mi wo ìlà yẹ́lò náà. Ó lọ gbé agolo bisikíìtì tí ìyá rẹ̀ ń kó òwú sí. Òwú yẹ́lò wà níbẹ̀, abẹ́rẹ́ ṣì wà lára rẹ̀ bí ìyá rẹ̀ ṣe fi í sí. Ó jókòó, ó sì ń rán an. Ìdajì ìlà náà wọ́, ìdajì gún. Bó ṣe parí rẹ̀, ó fi eyín gé òwú.

"Màmá," ó sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, "èmi ò mọ̀ nípa ti ikú. Ọmọ mẹ́ta ni ọ̀já yìí gbé. Ta ló já nínú wa?"

Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ kan etí ọ̀já náà. "Kò sí," ni wọ́n wí.

"Ẹ bá mi gbé ọmọ sí i lẹ́yìn, ẹ jọ̀ọ́."

Wọ́n dìde, wọ́n gbé ọmọ náà sí i lẹ́yìn. Àwọn náà ló bá a fa ọ̀já náà le.

Ó ní òun fẹ́ gbé ọmọ lọ kí ìyá òun. Ibi ìsìnkú ìjọ wa kò jìnnà sílé. Ẹni bá la gọ́tà kọjá, tó gba ẹ̀gbẹ́ pápá iléèwé, ti débẹ̀. Mo tẹ̀ lé e. N kò mọ ìgbà tí mo tẹ́ ọwọ́. Nígbà tó wo ẹ̀yìn ló rí mi, tí mo bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, tí àtẹ́lẹwọ́ mi wà lábẹ́ ìdí ọmọ náà láìfi kàn án.

"Dádì, ọ̀já yìí le o."

"Mo mọ̀ pé ó le. Máa lọ."

Báyìí la ṣe rìn dé ibi tí ìyá rẹ̀ sùn sí. Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá ìyá àgbà gba ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù gbọ́ tán, tàbí wọn kò kàn rí ohun mìíràn fi ọwọ́ wọn ṣe. Ìwé tí mo kà kò sọ ọ́ fún mi. Mo dúró lẹ́yìn ọmọ mi bó ṣe ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọwọ́ ń ro mí, ṣùgbọ́n n kò ká a.