Bí Mo Ṣe Kọ Àforíjì Ní Pápá Ìbọn

Aago márùn-ún ìdájí ò tíì lù dáadáa tí mo ti kírun tán, tí mo wọ ṣòkòtò mẹ́ta léra wọn, tí mo sì dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ọmọ mi ní Saddle Ridge, mò ń retí ọkọ̀. Oṣù kẹrin ọdún ni. Lọ́dọ̀ wa ní Ìṣẹ́yìn, ooru á ti mú gan-an lásìkò yẹn, àwọn àgbẹ̀ á sì ti máa wojú sánmà. Ní Calgary níbí, snow ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó ti dọ̀tí, ó dúdú bí eérú ìdí àárò.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó gbé mi jáde. Mo ti lo oṣù mẹ́jọ lọ́dọ̀ Bùsọ́lá ọmọ mi, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní ọsibítù ńlá kan ní Seton. Ọmọ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti dé, "Daddy, ẹ má gbé e," "Daddy, ẹ fi í sílẹ̀," ni mò ń gbọ́ láàárọ̀ lálẹ́. Èmi tí mo fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé níṣẹ́ káfíńtà, wọn ò jẹ́ kí n kan ìṣó kan. Nínú gbogbo ìlú ńlá yìí, kò síwèé tí orúkọ mi wà nínú ẹ̀ àfi ìwé dókítà.

Ìdí nìyẹn tí Ross, aládùúgbò wa, fi sọ fún mi pé àwọn kan máa ń pàdé lóko àgbẹ̀ kan lẹ́yìn ìlú, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, tí wọ́n ń fi àwọn ìbọn kékeré ayé àtijọ́ díje. Kì í ṣe ẹgbẹ́ tó ní ilé tàbí ife ẹ̀yẹ. Ẹni tó bá wá, tó san dọ́là márùn-ún, tó gbé oúnjẹ dání, á yìnbọn, wọ́n á sì kọ orúkọ rẹ̀ àti máàkì rẹ̀ sójú pátákó. Ibi tó dárúkọ pátákó yẹn ni ọkàn mi ti lọ. Mi ò fẹ́ ju kí n dúró lórí ìlà pẹ̀lú àwọn ọkùnrin, kí n yìn ọta mi pé, kí wọ́n kọ iye tí mo bá gbà síwájú orúkọ mi.

Bùsọ́lá pariwo. "Daddy, gun kẹ̀? Ní ọdún mọ́kànléláàádọ́rin?"

Mo ní, "Ọmọ ọdẹ ni mí kí n tó di bàbá ẹ."

Nígbà tó rí i pé mi ò ní gbọ́, ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Wálé, please, tẹ̀ lé wọn o. Má jẹ́ kí wọ́n ṣe wàhálà fún wa."

Wálé yìí, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe ní iléeṣẹ́ epo kan kí wọ́n tó dá òun àti ọ̀pọ̀ èèyàn dúró kí snow tó bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà, basement, ìyẹn yàrá abẹ́ ilé, ló ń gbé, tó ń kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ iṣẹ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ross dé pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀. Ẹni ọgọ́rin ọdún ó lé kan ni, ó ju mí lọ ní ọdún mẹ́wàá. Ó ní kí n máa pe òun ní Ross lásán, mo sì ń pè é bẹ́ẹ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n nínú mi lọ́hùn-ún, Bàbá Ross ni. Mo jókòó síwájú, Wálé wà lẹ́yìn, ó ń fọwọ́ ra ọwọ́ torí òtútù.

A yà ra epo ọkọ̀. Lítà kan ò tó dọ́là kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé lè ní kí lèèyàn tún ń fẹ́. Owó epo tó rọlẹ̀ yẹn gan-an ló lé èèyàn lẹ́nu iṣẹ́ níbí. Nígbà tá a wẹ̀yìn, Ross fọwọ́ han àwọn ilé gogoro àárín ìlú, ó ní kò sẹ́nì kankan mọ́ ní ọ̀pọ̀ àjà wọn. Mo san dọ́là mẹ́fà fún ife kọfí mẹ́ta, mo sì tún san owó ọ̀tọ̀ fún dónọ́ọ̀tì. Ẹ rò ó bíi puff-puff tí wọ́n dá ihò sí láàárín, tí wọ́n wá da ṣúgà bò.

Ọ̀nà tó lọ síhà ìlà oòrùn tẹ́jú, ó lọ gbọnrangandan. Ní wákàtí kan tá a fi rìn, a ò rí ọlọ́pàá kan tó nawọ́ sí wa, kò sí gegele, kò sí kòtò. Lápá ọ̀tún, mo rí àwọn irin ńlá kan nínú pápá, tí orí wọn rí bí orí ẹṣin. Ross ní àwọn ni wọ́n fi ń fa epo nínú ilẹ̀, pé tí iṣẹ́ bá ń lọ, ńṣe ni wọ́n máa ń mi orí. Mo ka méje. Ẹyọ kan ló ń mirí.

Wálé sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn, "Ìyẹn náà máa gba lẹ́tà ìdádúró tiẹ̀ láìpẹ́." Ross rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Àfìgbà tí Wálé bá dápàárá ni mo máa ń rántí pé ọmọ tó lẹ́nu ni tẹ́lẹ̀.

Nígbà tá a kúrò lọ́nà ọlọ́dà, tá a bọ́ sórí òkúta wẹ́wẹ́, Ross dúró, ó fi ìbọn tá a jọ máa lò hàn mí. Bàbá rẹ̀ ló rà á kí ogun àgbáyé kejì tó bẹ̀rẹ̀, láti máa fi pa gopher, ẹran kan tó dà bí ọ̀kẹ́rẹ́ ṣùgbọ́n tó ń gbẹ́ ihò kiri oko àlìkámà. Ọta kan ṣoṣo ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan, ọta ọ̀hún ò sì nípọn ju pẹ́ńsù lọ. Ní tiwa, ṣakabùlà ni bàbá mi ń gbé, tá à ń rọ ẹ̀tù sí lẹ́nu, tá à ń fi ọ̀pá kì. Ìdí igi ìbọn Ross ni mo tẹjú mọ́. Ó ti fọ́ rí, ẹnì kan sì ti lẹ̀ ẹ́, ó fá a títí ojú ibẹ̀ fi bára mu. Mo fi àtàǹpàkò tọ ojú ibi tí wọ́n lẹ̀ náà. Mo ní, "Ta ló ṣe èyí?" Ross ní òun ni, nígbà tóun wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá, kí bàbá òun má bàa mọ̀ pé òun ló fọ́ ọ. Mo ní iṣẹ́ náà dáa. Inú rẹ̀ dùn.

Range ni wọ́n ń pe ibi tí wọ́n ti ń yìnbọn. Èyí ò ju tábìlì mẹ́fà lọ níwájú òkìtì erùpẹ̀ ńlá kan. A tó èèyàn méjìlá. Ìyá kan tó ń jẹ́ Doreen, tó gùn bí igi tẹ́lífóònù, ló ni oko, òun náà ló ń pàṣẹ. Ó ka òfin fún mi ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Tó bá ti pariwo pé "Cold!", ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí gbogbo wọn ṣí ìdí ìbọn wọn sílẹ̀, kí wọ́n tẹ́ ẹ sórí tábìlì, kí wọ́n sún kúrò, torí àwọn èèyàn fẹ́ lọ wo ìwé tí wọ́n yìn. Títí ẹni tó kẹ́yìn á fi padà, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ìbọn. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, wọ́n á fagi lé máàkì rẹ̀, kò ní yìn mọ́ lọ́jọ́ náà, òun ni yóò sì ṣa òfìfo ọta gbogbo èèyàn.

Ó ní, "Ó yé ẹ, Jim?"

Mo ní, "Ó yé mi. Jímọ̀ lorúkọ mi." Ó kọ ọ́ bí mo ṣe pè é, mo sì bọwọ́ lùwé nísàlẹ̀ òfin náà.

Wọ́n gbé àga fún mi torí ọjọ́ orí mi. Mo ní kí wọ́n gbé e kúrò, ìdúró ni wọ́n fi kọ́ mi. Ó ṣàjèjì sí mi láti yìnbọn sí bébà. Nílé wa, tí ìbọn bàbá mi bá ti dún lẹ́yìnkùlé oko, ìyá mi á ti gbómi kaná. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe gbé ìdí igi yẹn sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, èémí mi balẹ̀. Ọta márùn-ún ni abala kìn-ín-ní. Nígbà tí Doreen máa kọ ọ́ sójú pátákó, mo gba méjìdínlógójì nínú àádọ́ta. Ipò kẹta!

Wálé fò sókè. "Daddy! Ah, Daddy, ẹ ò sọ fún wa!"

Ó ku ọta márùn-ún abala kejì, èyí tá a máa yìn sí agolo, láti tábìlì tó wà lópin ìlà lọ́hùn-ún. Doreen pariwo "Cold!", àwọn tó fẹ́ lọ to agolo sì bọ́ sínú pápá. Ross bá wọn lọ. Orúnkún ń dùn mí, mo dúró.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣe é. Ross ló kọ́kọ́ ń padà bọ̀. Atẹ́gùn ń tì í, ó fi ọwọ́ kan di fìlà mú, ó ń tiro. Mo wo tábìlì, mo rí ẹrù rẹ̀: ìbọn, páálí ọta, àpò. Mo rò ó pé àgbàlagbà yìí á tún dé, á tẹ̀ba, á ru gbogbo èyí lọ sópin ìlà, kí èmi àbúrò máa wò ó. Ẹ̀yin náà mọ̀ bá a ṣe tọ́ wa. Ọwọ́ mi ò béèrè lọ́wọ́ mi. Mo gbé àpò kọ́ èjìká, mo gbé ìbọn.

Doreen fun fèrè, fíìì! Gbogbo wọn dúró gbagidi. Àwọn mẹ́rin ṣì wà nídìí agolo, iwájú ẹnu ìbọn. Mo tẹ́ ẹ padà sórí tábìlì jẹ́jẹ́, mo sì sún sẹ́yìn.

Kí Doreen tó dé ọ̀dọ̀ mi, Wálé ti wà níwájú rẹ̀, ó ti tẹ̀ba, ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀. "Please, please, ma. He's an old man. Kò yé wọn ni. Ẹ jọ̀ọ́."

Ross náà dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní òun ló gbé mi wá, kí wọ́n dá òun lẹ́bi. Doreen wò mí. Ojú rẹ̀ rọ̀. Ó ní, "Kò burú. Àlejò ni. Ẹ jẹ́ ká gbà pé kò ṣẹlẹ̀."

Ẹ̀yin ará ilé, ìfẹ́ ló fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn gún mi ju fèrè lọ. Mo bi í pé, "Tó bá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí ló gbé e ńkọ́?"

Ó ní, "Mo ti lé ọkọ tèmi rí."

"Ṣé o ka òfin náà fún mi?"

"Mo kà á."

"Ṣé mo bọwọ́ lùwé?"

Wálé ń fà mí láṣọ. "Daddy, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ti ní kò burú."

Mo ní, "Wálé, fi aṣọ mi sílẹ̀. Ó yé mi, mo sì ṣe é. Doreen, tó o bá máa pa ẹ̀ṣẹ̀ mi rẹ́ torí pé mo jẹ́ àlejò, pa orúkọ mi rẹ́ mọ́ ọn. Tórúkọ mi bá máa wà lójú pátákó yẹn, fún mi ní tèmi."

Doreen mú ṣọ́ọ̀kì, ó fagi lé méjìdínlógójì mi, ó kọ lẹ́tà D àti Q síwájú Jímọ̀, èyí tí wọ́n ń kọ fún ẹni tí wọ́n lé. Ó dùn mí wọra, mi ò ní parọ́. Lẹ́yìn náà ló na agolo kan sí mi. "Òfìfo ọta wà nílẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Má fi ẹyọ kan sílẹ̀."

Mo ṣa á. Idẹ wẹ́wẹ́ ni wọ́n, bíi hóró àgbàdo, wọ́n sì ń sá pa mọ́ sínú koríko. Ọkùnrin kan tó ti ń gbẹ́ kànga epo tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó dá a dúró, fi bàtà tọ́ka sí ibi kan. "O fo ọ̀kan, Jímọ̀! Nígbà tí wọ́n lé èmi, wákàtí kan gbáko ni mo fi jiyàn." Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó tún gbé àga wá bá mi. A jẹ chili, ẹ̀wà pupa tí wọ́n fi ẹran lílọ̀ sè, tí ata rẹ̀ ò tó nǹkan. Mọ́ínmọ́ín tí Bùsọ́lá sè fún wa tán kí chili tó dé ìdajì.

Nígbà tá à ń padà, bá a ṣe rí ilé gogoro lọ́ọ̀ọ́kán ni Wálé fọwọ́ kàn mí léjìká láti ẹ̀yìn. Ó ní, "Daddy, ẹ má bínú. Ẹ̀bẹ̀ ti mọ́ mi lẹ́nu."

Mo ní, "Mo mọ̀. Ohun tí kì í ṣe tìẹ ni kó o máa bẹ̀bẹ̀ fún. Èyí tó jẹ́ tìẹ, dúró gbà á."

Bùsọ́lá ló ṣílẹ̀kùn. Nígbà tó gbọ́, ó fẹ́ jáde lọ bá Ross pẹ̀lú sílípáàsì. "Wọ́n lé yín? Wọ́n ní kẹ́ ẹ máa ṣa ilẹ̀? Bàbá mi!"

Mo dì í lápá mú. Mo ní kò sẹ́ni tó fi mí ṣẹ̀sín. Ẹni tí wọn ò kà sí ni wọ́n máa ń foríjì kíákíá bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ti kà mí sí. Ohun tí ìrìn àjò náà kọ́ mi nìyẹn, mo sì fi ń ránṣẹ́ sí gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń múra àtibọ̀ níbí.

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Ẹ ṣì máa padà lọ síbẹ̀?"

Mo ní, "Lóṣù tó ń bọ̀. Ọta márùn-ún mi ṣì kù níbẹ̀."