Jíìpù tí Wọ́n Ta Òróró Sí

Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni Sírájúdéènì Ọ̀ṣìnúbí.

Ọmọ Ọ̀tà ni. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ló ń ṣe, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì wà ní Ṣàngó-Ọ̀tà, létí títì Ìdí-Ìrókò. Kì í ṣe gbogbo mọ́tò ló ń tún ṣe. Jíìpù ni tirẹ̀, àwọn tí ẹsẹ̀ iwájú àti tẹ̀yìn wọn jọ ń fa ilẹ̀, tí aráyé ń pè ní fóò-wíìlì. Tí ẹ bá gbé mọ́tò kékeré lọ bá a, á ní kí ẹ máa gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Kò ní bínú, kò sì ní bẹ̀ yín.

Nígbà tí àwọn ìjọ ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í ra ilẹ̀ ní Ọ̀tà, tí yunifásítì sì tẹ̀ lé wọn, jíìpù wá pọ̀ lójú títì bí eṣinṣin orí ẹran. Ẹni tó bá ti rí ọwọ́ mú lọ sẹ́nu díẹ̀, jíìpù ló kọ́kọ́ ń wá. Tòkunbọ̀ ni wọ́n ń rà, èyí tí òyìnbó ti lò kó tó wọkọ̀ ojú omi wá. Ọ̀pọ̀ wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń rà. Ọ̀dà ara rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Wọn á gbá ilẹ̀kùn, wọn á gbọ́ "gbì", wọn á ní mọ́tò yìí lágbára. Sírájúdéènì a máa rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tó fẹ́ ìyàwó nítorí gèlè, tó bá délé tó tú gèlè sílẹ̀, kó má pariwo.

Àwọn tó bá gbọ́n a máa pè é kó wá bá wọn wò ó kí wọ́n tó sanwó. Àárọ̀ ló máa ń lọ, kò sì ní ránṣẹ́ ṣáájú. Bó ṣe ń kí onílé lọ́wọ́ ni ọwọ́ rẹ̀ kan ti wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tó bá gbóná, á wá ibì kan jókòó sí, á ní kí wọ́n jẹ́ kó tutù ná. Mọ́tò tí wọ́n ti tan kí àlejò tó dé, ó ní ohun tó ń fi pa mọ́. Ìgbà tí íńjìnnì bá tutù ló máa ń ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀: èéfín tó máa yọ, ìgbà yẹn ló máa yọ, ikọ́ tó máa wú, ìgbà yẹn ló máa wú u. Á wo táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò bìkítà bóyá wọ́n jẹ́ tuntun. Kí wọ́n ṣáà ti dọ́gba, torí fóò-wíìlì tí táyà rẹ̀ kò dọ́gba, gíà ló ń fi eyín jẹ. Á ká kápẹ́ẹ̀tì sókè, á fi èékánná họ abẹ́ rẹ̀. Tó bá rí ẹrẹ̀ gbígbẹ níbẹ̀, omi ti gbé mọ́tò náà rí nìyẹn, ó di ilé. Ìgbẹ̀yìn ni yóò tẹ́ àpò sìmẹ́ńtì sílẹ̀, tí yóò sùn sí abẹ́ rẹ̀.

Gbogbo èyí rọrùn fún un, àfi ọjọ́ tí àbúrò rẹ̀ fẹ́ ra jíìpù lọ́wọ́ àna rẹ̀.

Ràbíátù ni àbúrò náà. Ẹja àrọ̀ ló ń sìn ní abúlé kan lẹ́yìn Ìyànà Ìyèsí, níbi tí ọ̀dà títì ti parí. Àwọn tó ń se oúnjẹ fún ọmọ yunifásítì àti àwọn tó ń se fún òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ní Àgbárá ló ń rà á. Ààyè ni wọ́n ń fẹ́ ẹ. Tó bá ti kú, wọn kì í yà á sí. Lójò èṣí, mọ́tò tó háyà rì sínú pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀ lójú ọ̀nà abúlé náà. Kí wọ́n tó wọ́ ọ jáde, gbogbo ẹja inú rẹ̀ ti ṣíjú sókè. Àwọn oníbàárà sọ fún un pé tírú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, àwọn á wá ẹlòmíì. Ìdí nìyẹn tó fi kó gbogbo ohun tó ní jọ láti fi ra jíìpù kan kí òjò tó wọlé. Bí jíìpù náà bá já a kulẹ̀, iṣẹ́ ẹja parí.

Díákónì Cornelius ni àna. Àga àti àgọ́ ló ń háyà fún àwọn ìjọ tí wọ́n bá ń ṣe ìpàdé ńlá. Seth ọmọ rẹ̀ ló fẹ́ Mùíbátù ọmọ Sírájúdéènì. Mùsùlùmí ni ilé ìyàwó, onígbàgbọ́ ni ilé ọkọ, àmọ́ wọ́n ṣe ìgbéyàwó náà láìjà, wọn kò sì tíì jà títí di ìgbà náà. Èèyàn gidi ni Cornelius. Kì í purọ́. Òun ló jẹ́ kó ṣòro.

Sírájúdéènì kọ́kọ́ ní òun kò lọ. Ó ní wọn kì í ka eyín mọ́ àna lẹ́nu. Ràbíátù wò ó.

"Bọ̀ọ̀dá, gbogbo Ṣàngó lẹ ti bá wo mọ́tò. Ṣé tèmi lẹ wá fẹ́ máa tijú lé lórí?"

Ó lọ.

Bọ́nẹ́ẹ̀tì tutù nigín-nigín. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n yí kọ́kọ́rọ́, íńjìnnì dáhùn. Kò rú èéfín. Táyà dọ́gba, abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì gbẹ, ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù pé. Inú Sírájúdéènì ti ń dùn. Ó tẹ́ àpò rẹ̀, ó wọ abẹ́ mọ́tò.

Ẹ̀yìn íńjìnnì rin gbindin. Ó ti ṣàn dé ara gíà. Kò tíì jáde tó ti béèrè lọ́wọ́ Cornelius ohun tó mú ibẹ̀ rin.

Cornelius rẹ́rìn-ín. "Òróró ni, àna mi. Oṣooṣù la máa ń gbé e lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Tá a bá dúpẹ́ tán, pásítọ̀ á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n á ta òróró sí íńjìnnì. Ẹ wò ó, jàǹbá ò ṣe é rí."

Bẹ́ẹ̀ ni lóòótọ́. Gbogbo ẹni tó ní mọ́tò níjọ náà ló ń ṣe é. Nígbà tí Cornelius kọ́kọ́ rí i tí nǹkan kán sílẹ̀ nínú ọgbà rẹ̀, òróró ló kà á sí, inú rẹ̀ sì dùn pé ó ṣì wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, tó bá ti rí i, á dúpẹ́, á bọ́ sínú mọ́tò, á lọ.

Sírájúdéènì fi ìka kàn án, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó ti jóná. Ó ti mọ ohun tó jẹ́. Àmọ́ kò tíì jáde. Mùsùlùmí ni òun. Tó bá ní òróró kọ́, ó lè dún létí àna bí ẹni tó ń bú ṣọ́ọ̀ṣì, Mùíbátù sì wà nínú ilé wọn. Tó bá dákẹ́, ẹja Ràbíátù á tún ṣíjú sókè. Ó rò ó níbi tó sùn sí. Ó wá rí i pé kò sídìí fún àròyé. Ohun tí gbogbo ojú bá jọ rí, ẹnu kì í jà sí i.

Ó jáde, ó nu ọwọ́.

"Díákónì, n kò bá òróró yín jà. Àmọ́ òróró tí wọ́n bá ti nù kì í padà wá. Ẹ jẹ́ ká nù ún mọ́, ká gbé mọ́tò yìí dé ọ̀nà abúlé Ràbí, ká tún wò ó. Tó bá gbẹ, mo tọrọ àforíjì. Tó bá rin, ẹlòmíì ló ń da tiẹ̀ láti inú."

Cornelius wò ó, ó tún wo Ràbíátù. Ó ní kí wọ́n nù ún. Ó ní òun fúnra òun ni yóò wà á.

Wọ́n fi àkísà àti kẹrosíìnì nù ún títí irin fi ń dán. Wọ́n gbéra. Lórí ọ̀dà, ó ń lọ bí ẹni ń yọ̀. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà abúlé, òjò àkọ́rọ̀ ti fi ẹrẹ̀ sílẹ̀ níbi tí mọ́tò èṣí rì sí. Cornelius fẹ́ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ràbíátù ní rárá, inú ibẹ̀ gan-an ni kí wọ́n gbà, torí ibẹ̀ ni òun máa ń gbà.

Sírájúdéènì ní kó fa ọ̀pá gíà kejì, èyí tó ń jí ẹsẹ̀ iwájú.

"Èyí?" ni Cornelius wí. "Mi ò fọwọ́ kàn án rí. Mo rò pé wọ́n fi ṣe ọ̀ṣọ́ ni."

Ọ̀pá náà le. Sírájúdéènì na ọwọ́ sí i láti ẹ̀gbẹ́, ó fi gbogbo ara fà á, ó wọlé. Wọ́n kó sínú ẹrẹ̀. Ràbíátù ti bọ́ sílẹ̀, ó dúró sórí koríko, ó ń wo táyà iwájú. Ó rí i pé àwọn náà ń walẹ̀, wọ́n ń da ẹrẹ̀ sẹ́yìn, wọn kò kàn ń tẹ̀ lé tẹ̀yìn bí àlejò tó ń tẹ̀ lé onílé. Jíìpù náà mì, ó kùn, ó jáde lódì kejì. Eyín Ràbíátù hàn.

Wọ́n dúró níbi tó gbẹ. Sírájúdéènì ń wá àpò rẹ̀, àmọ́ Cornelius ti kúnlẹ̀, tòun ti aṣọ funfun tó wọ̀, ó ti wọ abẹ́ mọ́tò. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ẹrẹ̀ wà láyà rẹ̀, ìka rẹ̀ sì dúdú.

"Àna mi," ló wí, "ṣé ọ́ìlì ni mo ti ń dúpẹ́ lé lórí látọjọ́ yìí?"

Ràbíátù yíjú sí oko kó má baà rẹ́rìn-ín. Sírájúdéènì kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa dúpẹ́ lọ. Rọ́bà kékeré tó ń dí ọ́ìlì mọ́nú ló ti gbó. Ká ní íńjìnnì ló kú ńkọ́? Mọ́tò yìí dáa. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

Nígbà náà ni Cornelius rẹ́rìn-ín, gbogbo wọn sì rín in. Ó ní òun kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ Ràbíátù títí abẹ́ mọ́tò náà á fi gbẹ, òun ni yóò sì ra rọ́bà náà. Ṣọ́ọ̀bù Sírájúdéènì ni wọ́n gbé e gbà tààrà. Ó tú gíà sílẹ̀, ó pààrọ̀ rọ́bà náà, ó fi gírísì sí ọ̀pá tó le títí ó fi ń lọ ń bọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọjọ́ tí Ràbíátù wá gbé e, Cornelius wá, ó ní ṣé òun lè gbàdúrà fún un.

"Ẹ gbà á dáadáa," ni Sírájúdéènì wí. "Ẹ ṣáà má ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì."

Òjò wọlé. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ rọ̀ láti òru mọ́júmọ́, Sírájúdéènì ti ṣọ́ọ̀bù, ó lọ dúró ní Ìyànà Ìyèsí. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni ohun tó ń wá níbẹ̀. Nígbà tó yá, jíìpù náà yọ láti ọ̀nà abúlé, ẹrẹ̀ bò ó dé wíńdò. Ẹja ń nà pàtìpàtì nínú dúrọ́ọ̀mù lẹ́yìn rẹ̀, omi ń ta jáde. Ràbíátù fun fèrè sí i. Sírájúdéènì kò juwọ́. Ó ní kó dúró, ó tẹ́ àpò sìmẹ́ńtì sójú òjò, ó wọ abẹ́ rẹ̀. Omi òjò àti ẹrẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Ó jáde, ó fi ọwọ́ gbá ara mọ́tò, ó ní kó máa lọ, kí ẹja má pẹ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀bà ló jẹ, pẹ̀lú ọbẹ̀ ata àti orí ẹja àrọ̀ ńlá kan. Mùíbátù ló sè é wá láti ilé ọkọ rẹ̀.