Aránṣọ Tó Ń Bẹ̀rù Àtigé Aṣọ

"Kò tíì dáa" ni alájọgbé mi ní Ẹdẹ máa ń sọ sí àwòrán rẹ̀. Ayé ológun ni, ìwé wọ́n gógó. Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́ ló ń ya ìtàn aránṣọ kan tó ń bẹ̀rù àtigé aṣọ oníbàárà sí, á sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ó ní òun ò yà mọ́. Ìyá onílé wá bá a.

"Aránṣọ mi dà? Ṣé ó ti gé aṣọ náà?"

"Màmá, mi ò mọ̀ ọ́n yà."

"Ta ló bi ọ́?" Wọ́n na kàlẹ́ńdà yàrá wọn sí i.

"Ọdún ò tíì parí, mà."

"Mo mọ̀. Yà á!"

Mi ò lè búra pé ìbẹ̀rù alájọgbé mi tán. Àmọ́ lọ́jọ́ kejì, lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, aránṣọ gé aṣọ, ó gé e wọ́, ìyá onílé sì rẹ́rìn-ín títí.