Ẹ̀ka Tí Wọ́n Kà Mọ́ Òkú

Ọjọ́ tí wọ́n ka ìdílé wa mọ́ òkú, bàbá mi jókòó sí ìlà kejì nínú gbọ̀ngàn ìlú, ó ń gbọ́. Ó dé fìlà tó máa ń dé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí ọ̀pá rẹ̀. Èmi ni mo fi mọ́tò gbé e wá, nítorí kò fẹ́ kí ìpàdé bẹ̀rẹ̀ kí òun tó dé. Ọba wa ti wàjà láti ìgbà tí a ti ń kọ ebè. Ìjọba ìbílẹ̀ ní Kàbà sì ti kọ̀wé pé kí ìlú fi orúkọ àwọn ilé tó ń jọba ránṣẹ́, kí wọ́n lè mọ ilé tí oyè kàn.

Ọkùnrin tó dìde láti ka ìwé tí ìlú fẹ́ fi ránṣẹ́ jẹ́ hẹdimásítà tó ti fẹ̀yìn tì. Ọ̀rẹ́ bàbá mi ni. Kò sí Kérésìmesì kan tí kì í jẹun nílé wa. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó gbé e padà sójú, ó wá kà á pé ilé méjì ló ń jọba nílùú wa látijọ́, ilé ẹ̀gbọ́n àti ilé àbúrò. Ó ní ilé ẹ̀gbọ́n ti parun nígbà ogun Tápà, ilé àbúrò nìkan ló kù, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe wà nínú ìwé ìtàn ìlú.

Ilé ẹ̀gbọ́n yẹn ni ilé wa.

Bàbá mi nawọ́ sókè bí ọmọ iléèwé. Wọn ò pè é. Ó na ọwọ́ yẹn títí ó fi ní láti fi ọwọ́ kejì gbé e ró. Ẹni tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún ni. Nígbà tó rí i pé wọ́n fẹ́ ṣe àdúrà ìparí, ó fi ọ̀pá gbé ara rẹ̀ dìde.

Ó ní, “Bí ilé wa bá ti parun, ta ló bí mi?”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ṣì wà létí mi títí di òní. Hẹdimásítà kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ dá a lóhùn pé kò sẹ́ni tó sọ pé bàbá mi kò sí láyé, ohun tó wà nínú ìwé lòun kà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe àdúrà, tí gbogbo wa sì ṣe àmín.

Kí n sọ ohun tí gbogbo àgbàlagbà inú gbọ̀ngàn yẹn mọ̀ dájú. Ọba kan bí ọmọkùnrin méjì látinú ìyá kan náà. Nígbà tí ogun Tápà dé, wọ́n mú ẹ̀gbọ́n lóko, wọ́n gbé e lọ sí Bídà, kò sì padà wálé mọ́. Oyún wà nínú ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà sá gun òkè tó wà lẹ́yìn ìlú, inú ihò àpáta ló sì bí ọmọkùnrin kan sí. Ọmọ yẹn ló bí bàbá bàbá mi. Nígbà tí ogun rọlẹ̀ tí obìnrin náà sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, àbúrò ọkọ rẹ̀ ti jọba. Wọn ò jà. Wọ́n fẹnu kò pé bí ilé kan bá jọba tán, ilé kejì ni oyè yóò kàn. Wọ́n tún fẹnu kò pé bí ọba láti ilé àbúrò bá fẹ́ wọ ààfin, obìnrin kan láti ilé ẹ̀gbọ́n ni yóò da omi sí i lẹ́sẹ̀ lójú gbogbo ayé, kí ìlú lè mọ̀ pé ilé ẹ̀gbọ́n fọwọ́ sí i. Nígbà tí oyè kàn wá kẹ́yìn, ọmọ ọwọ́ ni ọkùnrin kan ṣoṣo tó wà nílé wa. Wọ́n ní ká ní sùúrù. A ní sùúrù, ọba méjì láti ilé àbúrò sì jẹ tẹ̀ léra wọn. Ọmọ ọwọ́ yẹn ni bàbá mi; bàbá rẹ̀ ti kú, oyún àbúrò rẹ̀ obìnrin sì wà nínú ìyá rẹ̀.

Nígbà tí a délé lọ́jọ́ ìpàdé yẹn, mo tú àpótí ìwé mi, mo wá ìwé ìtàn ìlú náà jáde. Mi ò tíì dé ojú ewé tí mò ń wá tí mo fi dúró. Mo mọ àwọn lẹ́tà yẹn. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ àkọ́kọ́ mi nígbà náà, mo jẹ́ atẹ̀wé ní ọ́fíìsì kan ní Kàbà. Hẹdimásítà gbé ìwé àfọwọ́kọ wá bá mi, ó ní kí n bá òun tẹ̀ ẹ́ fún ìlú. Inú mi dùn. Òun ló kọ́ mi ní a-bí-dí. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi tẹ̀ ẹ́ lásìkò tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń lọ jẹun ọ̀sán. Nígbà tí mo kan gbólóhùn tó ní ilé ẹ̀gbọ́n parun, mo dúró. Mo bi í léèrè nígbà tó wá, mo ní ṣé kì í ṣe ilé wa nìyẹn.

Ó ní, “Ilé mìíràn ni, ọmọ mi. Tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà.”

Mo sì tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà. Mo sọ fún bàbá mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ ìpàdé yẹn, nítorí mi ò lè gbé e mì. Ó bi mí bóyá mo kà á kí n tó tẹ̀ ẹ́. Mo ní mo kà á. Odindi ọjọ́ méjì ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀ ju kíkí lọ. Bí ó bá nà mí ni, ìbá sàn fún mi.

A kọ̀wé ẹ̀hónú. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta wá jókòó ní Kàbà láti gbọ́ ẹjọ́ náà, bàbá mi sì ní àbúrò òun obìnrin ni kó wá sọ̀rọ̀. Ìyá Kékeré ni gbogbo wa ń pè é. Aṣọ ló ń hun láti ìgbà èwe rẹ̀, apá rẹ̀ ṣì le bí ti ọkùnrin. Òun ló da omi sí ọba tó wàjà lẹ́sẹ̀ nígbà tó ṣì wà lọ́dọ̀ọ́. Ó jókòó níwájú wọn láìbẹ̀rù, ó fi èdè tiwa gan-an sọ̀rọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí àpáta, ó sì to orúkọ àwọn òkú wa lẹ́sẹẹsẹ.

Alága ìgbìmọ̀ kò gbọ́ èdè wa, ni wọ́n bá fún un ní ògbufọ̀. Ibẹ̀ ni inú ti kọ́kọ́ bí mi débi pé mo di àga mú. Ìyá Kékeré yóò sọ̀rọ̀ títí, ògbufọ̀ yóò ní, “Ó ní ọmọ ìlú lòun.” Mo dìde, mo ní kì í ṣe ohun tó sọ nìyẹn. Wọ́n ní kí n jókòó. Mo tún dìde, mo ní kí wọ́n bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ta ló da omi sí ọba tó wàjà lẹ́sẹ̀?

Ìyá Kékeré kò dúró de ògbufọ̀. Ó ní, “Èmi ni. Ẹ bi ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, ó dúró tì mí lọ́jọ́ náà.”

Gbogbo wa wo hẹdimásítà. Ó ní lóòótọ́ ni, ó dà á, ṣùgbọ́n ó dà á gẹ́gẹ́ bí obìnrin tí ìlú bọ̀wọ̀ fún, kì í ṣe lórúkọ ilé kankan. Ó sọ ọ́ láìwo ojú rẹ̀.

Nígbà tí ìwé ìdájọ́ dé, wọ́n ní níwọ̀n bí ìwé ìtàn ìlú ti wà láti ọjọ́ pípẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò ta kò ó, òun ni àwọn gbé ìdájọ́ kà. Ìwé tí èmi tẹ̀ ni wọ́n gbé lé wa lórí.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n máa fi ọba tuntun jẹ nígbà tí àwọn ìjòyè méjì wá sílé wa láàárọ̀. Hẹdimásítà tẹ̀ lé wọn. Wọ́n kí wa ní “okun” bí a ṣe ń kí ara wa lọ́dọ̀ wa, wọ́n béèrè àlàáfíà, wọ́n yin àtíbàbà tuntun tó wà níwájú ilé. Ó pẹ́ kí wọ́n tó sọ ohun tí wọ́n bá wá. Wọ́n ń fẹ́ kí Ìyá Kékeré wá da omi.

Bàbá mi kò gbé ohùn sókè. Ó ní, “Ẹ̀yin lẹ ní a ti kú. Òkú ò lè pọn omi.”

Ìyá Kékeré kò fẹ́ kó parí síbẹ̀. Ohun tirẹ̀ ni omi yẹn, bí ó ṣe jẹ́ ohun ìyá àgbà rẹ̀. Ó ní òun á wá, bí wọ́n bá lè kéde lójú gbogbo ìlú pé ọmọ ilé ẹ̀gbọ́n ló ń da omi. Wọ́n ní àwọn á gbé e yẹ̀ wò. Lọ́jọ́ kejì, ọba tí wọ́n fẹ́ fi jẹ fúnra rẹ̀ wá, òun nìkan, ọmọkùnrin jẹ́jẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àbújá. Ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi. Ó ní ìyá bàbá òun sọ ìtàn náà fún òun láti kékeré, òun sì mọ̀ pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n lọ́yà òun ní bí òun bá sọ ọ́ ní gbangba, ìdájọ́ lè yí. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun jọba ná.

Ìyá Kékeré ní, “Máa lọ, ọmọ mi. Lọ́jọ́ tí o bá lè sọ ọ́, kí o padà wá.”

Kò padà wá. Mo lọ síbi ìwúyè, mo dúró lẹ́yìn èrò. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà ààfin tó yẹ kí wọ́n da omi, gbogbo wọn dúró, wọ́n ń wo ara wọn. Ìyàwó ìjòyè kan wá mú omi inú ọ̀rá látinú kúlà tí wọ́n gbé wá fún àlejò. Ó fi eyín já a létí, ó sì tẹ̀ ẹ́ sí bàtà ọba. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Àwọn ọ̀dọ́ pàtẹ́wọ́, wọ́n ń ya fọ́tò. Àwọn àgbà wo ilẹ̀, èmi sì mọ gbogbo wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, àwọn tó mọ̀ tí wọ́n sì panu mọ́. Hẹdimásítà rí mi, ó juwọ́. Mi ò juwọ́ padà.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e ni Ìyá Kékeré kú. Àárẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta péré ló ṣe é. Nígbà ìsìn ìsìnkú, akọ̀wé ààfin jáde síwájú láti ka ìwé ìbánikẹ́dùn ọba. Mo ń gbọ́ ọ láìfi ọkàn sí i, àfi bí mo ṣe gbọ́ tó pe olóògbé ní “ọmọ ọba, ìyá àgbà ilé ẹ̀gbọ́n.” Mo wo bàbá mi, bàbá mi wò mí.

Wọn ò lè pè é bẹ́ẹ̀ nígbà tó wà láàyè tó ní apá tó lè gbé igbá omi. Nígbà tó wọ pósí tán ni ẹnu wọn wá gbà á. Inú bí mi débi pé omijé tó wà lójú mi gbẹ. Mo dìde ní ìlà iwájú, mo lọ bá akọ̀wé náà, mo nawọ́. Ó rò pé mo fẹ́ dúpẹ́, ó sì gbé ìwé náà lé mi lọ́wọ́. Mo wò ó níbẹ̀. Ọba fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀, òǹtẹ̀ ààfin sì wà lábẹ́ rẹ̀. Mo ká a, mo tì í sínú báàgì mi, mo padà sáàyè mi láti kọ orin tó kù.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, mo ṣe fótókọ́pì rẹ̀, mo gbé e lọ sí Kàbà pẹ̀lú ìwé ẹ̀hónú tuntun. Ọmọbìnrin tó ń gba ìwé ní ọ́fíìsì náà bi mí pé àwọn wo ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Mo ní àwa ni, àwa ilé ẹ̀gbọ́n. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ńlá rẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́, ó lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tèmi, ó ní kí n máa padà wá béèrè.

Bàbá mi wà lábẹ́ àtíbàbà nígbà tí mo délé. Ó bi mí bóyá wọ́n gbà á. Mo fi òǹtẹ̀ hàn án. Ó fi ìka tọ ọ́ yípo lẹ́ẹ̀kan.

Ó ní, “Ìgbà wo lo máa padà lọ?”

Mo ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ó ní òun á bá mi lọ.