Bàsíà Ẹfun Ẹnu Ọ̀nà Adágún

Nígbà tí owó epo dé, tí gbogbo ayé ń kọ́lé, àwọn tó ń ṣe títì wa yẹ̀pẹ̀ lọ nílẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wa ní Egan, wọ́n sì fi kòtò ńlá méjì sílẹ̀. Òjò kún inú wọn. Mo sọ ọ̀kan di adágún ẹja epìyà. Bàbá aránṣọ, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí ilé wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, mú ìkejì. Ojú wọn kò ríran fi okùn bọ abẹ́rẹ́ mọ́, ẹja yẹn ni wọ́n gbójú lé.

Kò pẹ́ tí ẹja mi bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Nǹkan funfun bí òwú á yọ sí wọn lára, wọ́n á sì léfòó. Ojoojúmọ́ ni mo ń fi kóròbá kó òkú ẹja. Ti Bàbá ń fò nínú omi ní tiwọn. Inú bí mi. Èmi kì í fura sí èèyàn lásán o, ṣùgbọ́n ta ni yóò rí irú èyí tí kò ní fura?

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Bàbá gbé bàsíà kan sí ẹnu ọ̀nà adágún wọn. Omi inú rẹ̀ funfun.

"Ìyàwó, tẹsẹ̀ bọ ibẹ̀ kí o tó kọjá, jàre. Ẹfun ni. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oko ló ní kí n ṣe é, nítorí àìsàn ẹja."

Ẹfun kẹ̀? Àbí orí ẹja ni wọ́n fẹ́ bọ? Ìyá mi ti kìlọ̀ fún mi láti kékeré pé ohun tí wọ́n bá gbé sílẹ̀ dè mí lójú ọ̀nà, n kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́. Mo ní mo gbàgbé ọbẹ̀ sórí iná, mo yáa padà sílé.

Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, tí Bàbá lọ kírun, mo gbé kóròbá tí mo fi kó òkú ẹja láàárọ̀, mo gbẹ́sẹ̀ fo bàsíà náà kọjá. Mo fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń dà sínú omi tiwọn, kí n lè mọ ohun tí wọ́n dà sínú tèmi. Mo ri kóròbá bọ adágún wọn, mo bu omi, mo gbóòórùn rẹ̀, mo tọ́ ọ wò. Omi lásán ni. Síbẹ̀ ọkàn mi kò gbà.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí òwú yọ sára ẹja Bàbá. Wọ́n wá bá mi lẹ́yìnkùlé, wọ́n jókòó sórí búlọ́ọ̀kù.

"Ó ti kú ju ìdajì lọ. Òṣìṣẹ́ yẹn sọ fún mi pé ẹsẹ̀ àti garawa ni àìsàn yìí ń bá rìn. Ẹnìkan ti wọ ibẹ̀ láìfọ ẹsẹ̀. Ṣé o rí ẹnikẹ́ni?"

"Mi ò rí ẹnikẹ́ni, Bàbá."

Wọ́n mi orí.

"Gbogbo àdúgbò yìí ni mo ń fura sí. Àbúrò mi pàápàá, mò ń fura sí i. Ìwọ nìkan ni ọkàn mi balẹ̀ sí. Bá mi máa ṣọ́ èyí tó kù."

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá. Màá máa bá yín ṣọ́ ọ."