Wọ́n Fọ́ Àpáta Ìpọ́nàdá Láti Fi Ri Pátákó

Òmùgọ̀ tó wọ kóòtù ni mo pàdé lónìí.

Mo mú bàbá mi lọ sétí odò ẹ̀yìn ìlú wa, lọ́nà Ìtapàjí. Àpáta kan wà níbẹ̀ tí àwọn baba ńlá wa ti máa ń pọ́n àdá kí wọ́n tó sọdá lọ sóko. Agboolé kọ̀ọ̀kan ló ní ojú ìpọ́n tirẹ̀ lára rẹ̀.

Pátákó tuntun la bá: "OHUN ÌṢẸ̀ǸBÁYÉ NI ÀPÁTA YÌÍ. Ẹ MÁ FỌWỌ́ KÀN ÁN."

Àpáta ò sí níbẹ̀ mọ́!

Mo bi agbaṣẹ́ṣe tó ri pátákó náà, oníkóòtù yẹn: "Ọ̀gá, àpáta ọ̀hún dà?"

Ó ní, "Àbúrò, ọ̀nà yín ò dáa, típà ò lè kó òkúta wọlé. Èyí tá a bá nílẹ̀ la fọ́ pò mọ́ sìmẹ́ńtì. Wò ó bó ṣe dúró digbí!"

Ó tún ń rẹ́rìn-ín! Wọ́n ní kó wá ṣọ́ ewúrẹ́, ó pa á jẹ, ó wá fi okùn rẹ̀ hàn wá.

Bàbá mi ò bá a jà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń fi ìka wá nǹkan lára sìmẹ́ńtì ìdí pátákó. Wọ́n ní, "Ti ulé wa ńkọ́? Apá ibo lo pò ó mọ́?"

Alákọrí náà ní, "Bàbá, ẹ ò rí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni? Ẹ má fọwọ́ kàn án."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ bá mi dá a lóhùn. Èébú tèmi ti tán.